Bàbá Yanu Lórí Ẹṣin

Ẹṣin wà lórí tábìlì oúnjẹ mi. Kò ga ju ife tíì lọ, àmọ́ òun ló lé èmi àti àwo ìrẹsì mi kúrò níbẹ̀, tí mo fi wá ń jókòó jẹun lórí àtẹ̀gùn nínú ilé tí mo jọ ń san owó rẹ̀. Tí mo bá ní kí n sún un díẹ̀, ọkọ mi á pariwo. "Sìmíátù, má fọwọ́ kàn án! Etí rẹ̀ kò tíì gbẹ!" Etí ẹṣin ò gbẹ, ìrẹsì tèmi ti gbẹ.

Mùstàfá lorúkọ ọkọ mi. Iṣẹ́ eyín ló ń ṣe níbí ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe dókítà o. Dókítà ló máa ń fi bátànì ẹnu àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí i, òun á wá jókòó ti iná àti ìda àti ọ̀bẹ tín-ín-rín, á ṣe eyín tí wọn yóò fi rọ́pò èyí tó ti yọ. Bí eyín tó kù lẹ́nu rẹ bá wọ́, tuntun tí Mùstàfá máa ṣe fún ọ á wọ́. Bó bá pọ́n nítorí kọfí, tuntun náà á pọ́n. Ó ní òun kì í tún iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe, bó ṣe wà ni òun ń dà á kọ. Bó sì ṣe ń ṣe nídìí eyín ló ń ṣe nídìí gbogbo nǹkan. Ní kó bá ọ gé ẹ̀fọ́, á kọ́kọ́ lọ mú irin ìwọ̀n.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ló dá ọ̀rọ̀ ẹṣin sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ní Homewood ló ń gbé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àmọ́ ó ti ní lẹ́yìn Iléyá, òun ń padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, òtútù ibí ti tó òun. Aránṣọ ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ìka rẹ̀ ló sì fi ń ríran báyìí. Ọjọ́ tó dé láti pápákọ̀ òfuurufú, ó fọwọ́ pa mí lójú, ó fọwọ́ pa mí lápá, ó ní, "Ìyàwó, o ti sanra." Kò tíì kí mi nígbà yẹn o.

Ó wá sọ fún Mùstàfá lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ mọ nǹkan. Mọ bàbá rẹ fún mi, lórí ẹṣin, kí n lè máa fọwọ́ kàn án nígbà tí ojú yìí bá kú tán. Kí o ṣe é bó ṣe rí gan-an. Mi ò fẹ́ àsọdùn."

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin máa ń gun ẹṣin lọ kí Ọba ní Ojúde Ọba, wọ́n á sì máa yin ìbọn sókè. Ìdílé ìyá Bàbá wà lára wọn, nítorí náà, kí Bàbá tó kú, ó máa ń gun ẹṣin lọ́dọọdún. Akọ̀wé ni Bàbá o, ìdí tábìlì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó sí, ẹṣin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwòrán pọ̀ nínú àpò Màmá. A ń ṣàpèjúwe wọn fún un níkọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, Bàbá jókòó pẹ̀lú iyì, ó fi ọwọ́ kan lé ẹnu bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ìlú. Àfi ẹyọ kan. Nínú ìyẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yin ìbọn ni. Ẹṣin ti ta, fìlà ti bo ojú kan, bàtà ẹsẹ̀ kan ti fò lọ, ikùn ti yọ láàárín agbádá, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di gọ̀gọ̀ ẹṣin mú, ó sì ya ẹnu bí ẹni tó rí ikú.

"Ìyẹn ni mo fẹ́," ni Màmá wí.

A bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó mú òmíràn. Ó kọ̀ jálẹ̀, kò sì sọ ìdí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà fún yín, torí ọkọ mi kò ní sọ ọ́. Màmá kì í yin ọmọ rẹ̀. Mùstàfá pààrọ̀ òrùlé ilé fún un, ó ní òjò ń pariwo jù lórí rẹ̀. Ó mú un wá sí Amẹ́ríkà, ó ní ata ibí kò ta. Ọmọ Kàfáyàtù, ará àdúgbò wa, kàn sáré kọjá níwájú ilé, Màmá ní, "Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ gidi!" Ọkọ mi ti lé ní àádọ́ta ọdún, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ṣì ń retí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ máa sọ pé, "O ṣe é dáadáa." Ó gbà pé ẹṣin yìí ló máa fa gbólóhùn náà yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó wọ bàálù padà sílé. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti máa jẹun lórí àtẹ̀gùn.

Àmọ́ àánú náà ní ibi tó mọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé agbádá rẹ̀ wọ̀ mí, ó ní kí n gun apá àga ní pálọ̀, kí n sì ya ẹnu.

"Bàbá Amatullah, ṣé kò sí o?" Orúkọ ọmọ wa ni mo fi ń pè é.

"Mo fẹ́ mọ ibi tí aṣọ ti máa ká ni. Don't move. Ya ẹnu dáadáa, Sìmíátù, pretend pé ìbọn dún."

Ibi tí mo ti ń yanu ni ọkùnrin tó gbé ọjà wa wá láti Calumet City ti yọjú lójú fèrèsé. Ó wò mí, mo wò ó. Ó rọra gbé ọ̀rá ọjà sílẹ̀, ó sì sá. Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ni wọ́n ń rán sí wa.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mùstàfá wa mọ́tò lọ sí oko àwọn tó ń sin ẹṣin, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ẹnu ẹṣin kan. Wọ́n gbà fún un. Ẹṣin sín sí i lójú. Ó padà wálé pẹ̀lú itọ́ ẹṣin lórí gíláàsì rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Sìmí, eyín tó dáa! No cavities!" Ó jókòó, ó to eyín sí ẹnu ẹṣin tó wà lórí tábìlì mi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré ju ọkà bàbà lọ. Tẹ́yìn tíwájú ló tò, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láéláé.

Ibi tí a bá a dé nìyí tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fi dé. Adébùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, àmọ́ èmi ò lè pè é lórúkọ, nítorí wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Òpéléngé ni mò ń pè é. Kò tín-ín-rín mọ́ o, ṣùgbọ́n a kì í gba orúkọ padà lọ́wọ́ ọmọ ilé ọkọ. Edgewater ló ń gbé, nínú ilé gíga kan létí adágún, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ amọ̀. Màmá ò yin òun náà rí, àmọ́ ó ní òun ti yanjú ìyẹn lọ́dọ̀ therapist.

Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó dìde, ó wo ẹṣin orí tábìlì, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí? Photocopy?"

"Bó ṣe rí nìyẹn," ni Mùstàfá wí, kò gbójú sókè.

"Bó ṣe rí fún one second! Bàbá wa kì í ṣe one second, please. Ibo ni ẹ̀mí wọn wà níbí? Ibo ni pride wọn wà?"

"Kò sí pride nínú àwòrán. Ikùn ló wà níbẹ̀. Mo ti ṣe ikùn."

"Ẹ gbé gbogbo èyí jùnù, kí ẹ di ojú yín, kí ẹ ṣe Bàbá tó wà lọ́kàn yín. Artist ni yín, ẹ kì í ṣe scanner!"

"Ta ni artist? Bùkọ́lá, ṣé mo bú ẹ ni?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan ní ẹni tó bá fi kún un, irọ́ ló ń pa mọ́ òkú. Èkejì ní ẹni tó bá kàn dà á kọ, kò rí òkú náà rí. Inú mi kún fún ẹ̀jẹ̀, itọ́ funfun ni mò ń tu. Mo ní, "Òpéléngé, ẹ jókòó, ẹ mu juice." Kò jókòó. Ó ní òun náà máa mọ Bàbá tòun, kí Màmá fọwọ́ kan méjèèjì, kó sọ èyí tó jẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́," ni Mùstàfá wí. "Lọ ṣe tìẹ wá."

Nínú àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Màmá ní, "Ẹ ṣáà má pẹ́, kí n má baà ti kú."

Òpéléngé padà dé lọ́jọ́ Sunday kan, bí mo ṣe ń ti ìrun Àílà bọ̀. Inú páálí kéèkì ló gbé tirẹ̀ sí láti Edgewater, ó wọ ọkọ̀ ojú irin méjì, ó ní gbogbo èèyàn ló ń kí òun kú ọjọ́ ìbí. Ó ṣí i. Mo wò ó lápá ọ̀tún, mo wò ó lápá òsì. Ẹṣin náà ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò lójú, kò lẹ́nu, agbádá lásán ni, tó fẹ́ sókè sẹ́yìn pẹ̀lú ṣóńṣó márùn-ún.

"Ó ga o," ni mo wí, torí pé mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan.

"Ìyàwó wa, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tí mo fẹ́ nà." Ó mú dígí tí Mùstàfá fi ń wo nǹkan kékeré lórí tábìlì, ó tẹ̀ sórí Bàbá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fìlà, ó ní hẹn. Bàtà, ó ní hẹn. Ó dé ẹnu, ó tún gbé dígí súnmọ́ ọn. Ó yọ fóònù, ó fa àwòrán náà tóbi, ó tún wo ẹnu lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà wo ni Bàbá ní eyín iwájú?"

Mùstàfá gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó.

"Eyín iwájú báwo?" ni mo bi í.

"Ìyàwó wa, ẹ ò mọ̀? Ẹṣin gbé Bàbá ṣubú lọ́dún tó ṣáájú photo yìí, eyín iwájú méjì ló lọ. Ìdí tí wọ́n fi máa ń fọwọ́ bo ẹnu nínú gbogbo photo nìyẹn."

Èmi tí mo ti ń bọ̀wọ̀ fún ìrònú Bàbá látọjọ́ yìí wá! Mo gba dígí náà, mo wò. Lóòótọ́, nínú àwòrán, àlàfo dúdú wà níwájú ẹnu tó yà sílẹ̀ náà. Lórí tábìlì mi, eyín Bàbá pé pérépéré, ó funfun níwọ̀nba, méjèèjì tó wà níwájú tilẹ̀ wọ́ díẹ̀ bíi ti ẹgbẹ́ wọn.

"Ọwọ́ mi ló ṣe é," ni Mùstàfá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo dé ibi àlàfo, mo wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣe é. Bùkọ́lá, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹnu kankan ò tíì kúrò lórí tábìlì mi pẹ̀lú àlàfo. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe é."

"So ẹ fi tara yín kún un! Ẹ̀gbọ́n mi, welcome! Artist ni yín!"

Ó ń jó. Ọkọ mi ò jó. Ó ti ń wá ẹ̀rọ kékeré tó fi ń gbẹ́ eyín, kó fi gbẹ́ méjèèjì kúrò. Ó ní Màmá sọ fún òun pé kí òun ṣe é bó ṣe rí, òun wá lọ parọ́ síbi tí ìka rẹ̀ kò ní ṣàìdé. Ìkánjú rẹ̀ pọ̀ débi pé bí mo bá jẹ́ kó tan ẹ̀rọ náà, imú Bàbá náà ló máa lọ. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

"Kí lẹ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀?" ni Màmá ké láti ìdí fèrèsé. "Ṣé ojú mi tó kú, etí mi náà kú ni? Ẹ gbé wọn wá."

Òpéléngé ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìka Màmá rìn lórí rẹ̀, ó rìn lábẹ́ rẹ̀, ó padà sí abẹ́ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mélòó lèyí?"

"Mẹ́fà, Màmá. It's movement. Ẹṣin yẹn ń sáré ni."

"Bàbá rẹ ò lè gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, o wá fún un ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà." Ṣóńṣó agbádá gún un lọ́wọ́. "Àṣá ló bà lé e lórí yìí àbí kí ni?"

"Ẹ̀mí Bàbá ni, Màmá."

"Hẹn-ẹn. Bá mi gbé ẹ̀mí náà sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Mùstàfá wá gbé tirẹ̀ wá. Kò jókòó. Ó dúró síwájú ìyá rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, òógùn ń yọ lórí imú rẹ̀. Ìka Màmá dé fìlà tó bo ojú kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ bá a gbé e sókè, ó rántí pé amọ̀ ni. Ó dé ikùn, ó ní, "Iyán mi rèé." Ó dé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà, ó ka ọmọ ìka níbẹ̀. "A wá bàtà yẹn títí, ẹnikẹ́ni ò rí i." Mo wo ọkọ mi. Ó ti ń tẹ́tí sí gbólóhùn tó ń retí.

Ìka náà gòkè, ó gba àgbọ̀n, ó dé ẹnu. Ó dúró. Ó fi èékánná ṣàyẹ̀wò eyín ọ̀tún, ó fi ṣàyẹ̀wò tòsì.

"Ta ló fi eyín síbí?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá yọ ọ́."

"Kí ni mo ní kí o ṣe?"

"Ẹ ní kí n ṣe é bó ṣe rí."

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Rárá, Mà."

Òpéléngé gan-an ti dẹ́kun ẹ̀rín. Màmá gbé Bàbá kalẹ̀ sórí itan rẹ̀, kò yọ ìka kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí ẹṣin ti gbé e ṣubú," ni Màmá wí, "bàbá yín ò rẹ́rìn-ín kó má fọwọ́ bo ẹnu. Kódà níwájú èmi, nínú yàrá. Àwòrán yìí nìkan ni ìbọn ti mú un gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn, kí n lè fọwọ́ kan ẹnu tó fi pamọ́ fún mi." Ó kọjú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sí. "Mùstàfá, ọjọ́ tí o fi fóònù sọ fún un pé iṣẹ́ eyín ni o rí ṣe níhìn-ín, gbogbo mọ́ṣáláṣí ló sọ fún. Ọmọ òun ń bọ̀ wá ṣe eyín fún òun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Amẹ́ríkà dé, á lọ bi í pé ṣé o fi rán an. Wọ́n sin ín, ó ṣì ń retí."

Ọkọ mi kò lè gbé ojú sókè. Èmi ò gbọ́ èyí rí. Lọ́dún tí Bàbá kú, ìwé ìgbélùú wa ò tíì jáde, Mùstàfá ò lè lọ sìnkú. Mo rántí pé ó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi pé irú ọmọ wo lèyí tó ń ṣe overtime lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin bàbá rẹ̀. Àṣé kò mọ ibòmíràn tó lè lọ ni. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò sì bò ó.

Màmá tún fi ìka wọ́ eyín náà láti ọ̀tún dé òsì, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń wọ́ ojú ìránṣọ.

"O ṣe é dáadáa, Mùstàfá."

Orí ọkọ mi gbéra nílẹ̀. "Kí lẹ wí, Màmá?"

"O gbọ́ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ tún un sọ. Sìmíátù ò gbọ́."

Èmi tí mo gbọ́ kedere. Mo nu ojú mi. Mo ní, "Lóòótọ́ ni, Mà, mi ò gbọ́."

"Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ fọ etí yín."

"Màmá, but that's my point!" ni Òpéléngé wí, òun náà ń nu imú. "Wọ́n fi nǹkan tí kò sí nínú photo sí i! Èmi ni mo win!"

"Ìwọ, gbé ẹṣin rẹ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó fẹ́ gbé mi ṣubú." Màmá gbé Bàbá súnmọ́ ojú rẹ̀ tó ti ṣú, ó sọ̀rọ̀ sí i wẹ́rẹ́, bíi pé kò sí ẹlòmíràn nínú pálọ̀. "Bàbá Mùstàfá, ọmọ yín ti mú eyín yín dé o. Ẹ yanu dáadáa, kí wọ́n rí i."